Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Pè

"Ta ni Agùntáṣọọ́lò?"

Crépin kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà nígbà tó béèrè. Ó tún tẹ nǹkan kan, ó dúró, ó mi orí. "Mo ní kó ṣí, ó ní òun kò rí Agùntáṣọọ́lò. Mo tún ní kó ṣí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Màdáàmù, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí?"

Sidonie, tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó ti tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀.

Ọjọ́ ọjà ni. Ìta ilé ìtọ́jú ẹran Bàbá Ládélé, lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde ní Kétu lọ sí Ìlárá, ti kún. Àgbò ń ké, ewúrẹ́ ń dá a lóhùn, àwọn tó ni wọ́n sì ń pariwo ju ẹran lọ. Bàbá Ládélé ló bí Euloge, ọkọ Sidonie. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gún ẹran lábẹ́rẹ́ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì ṣí ibi tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí ńlá wà ní yàrá inú. Òun ló mọ gbogbo ẹran tí wọ́n ti gún níbẹ̀ rí: ẹni tó ni ín, oògùn tí wọ́n fún un, ìgbà tó yẹ kó padà wá. Àwọn méjì yòókù, ọ̀kan níwájú lọ́dọ̀ Sidonie, ìkejì ní yàrá tí fíríjì oògùn wà, kò mọ nǹkan kan fúnra wọn. Èyí ńlá ni wọ́n máa ń bi. Bí wọn kò bá rí i, wọn kò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀.

Láti àárọ̀ òní, wọn kò rí i. Lánàá ni Crépin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ti Pobè wá, tó yọ àpótí àtijọ́ tó so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀, tó fi tuntun síbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, nǹkan dàrú.

"Ta lo ní wọ́n ń pè?" Ohùn Ìyá Ajíbọ́lá ló ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ̀gbọ́n obìnrin Bàbá Ládélé ni. Bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ni ibùjókòó rẹ̀. Òun ló máa ń sọ ẹni tó kàn, kò sì sí ẹni tó ń bá a jiyàn.

"Agùntáṣọọ́lò, Ìyá. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ ni. Mo wo gbogbo ilé yìí, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí ńlá, LADELE ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí, Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń wá kiri. Ó jọ pé ẹnìkan ti so wọ́n mọ́ ibòmíràn."

Ìyá Ajíbọ́lá dìde. Ó rọra wọlé, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí.

"Èyí kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ, ọmọ mi. Orúkọ tí obìnrin ń pe ọkùnrin ni. Ọkùnrin tó ga, tí aṣọ yẹ." Ó yí ojú sí Sidonie. "Euloge wa kò sì ga."

Ẹ̀rín bẹ́ lójú fèrèsé. Sùmáyà ni, obìnrin tó ń ra àgbò káàkiri abúlé, tó so méjì mọ́ ọwọ́ bí ẹni tó ń fa ọmọ lọ sílé ìwé. "Ìyá, ẹ ò purọ́ o! Euloge yẹn, bó bá wọ oko àgbàdo, à á ní ó ti lọ sílé."

"Sùmáyà, ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Àgbò mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ajíbọ́lá kẹ̀yìn sí fèrèsé. Sidonie ló tẹjú mọ́. "Ìyàwó, èwo nínú àwọn tó ń wọlé síbí ló ga? Àbí Géraud tó ń kó oògùn wá láti Kútọnu ni, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn?"

"Rárá o, Ìyá."

Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ kan láti ìta fi gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni Sidonie ṣe rí. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Okpomèta ló dàgbà sí, níbi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kò sì sọ púpọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó gbọ́ ni pé ẹnu ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bí ọkọ rẹ̀. Àwọn tó kéré nínú ilé ọkọ, ìyàwó a fún wọn ní orúkọ tó dùn. Bàbá, Bàbá náà ni. Nígbà tó kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yìí, tí Barnabé tó to gbogbo rẹ̀ sọ fún un pé "kọ LADELE síbẹ̀", ńṣe ni ìka rẹ̀ gan. Ó kọ ọ́ ṣá, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iná kì í pẹ́ kó tó lọ ní Kétu. Bí ó bá ti lọ tó sì dé, ẹ̀rọ iwájú a ti jí kí ti inú tó jí, a sì fi Faransé kọ ọ́ gàdàgbà pé òun kò rí LADELE, tàbí pé LADELE kò sí. Ìyá Ajíbọ́lá a ní, "Kí ló wí?" Sidonie a ní, "Ó ní ká ṣe sùúrù, Ìyá."

Ó fara dà á títí di àsìkò òjò ọdún tó kọjá, tí ibà gbé Bàbá dè, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Òun nìkan ló ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ronú, ó ronú, ó wá kọ ọ́ pé: LADELE kò dáhùn mọ́.

Sidonie bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tí Barnabé dé, ó bẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ má pe orúkọ yẹn mọ́. Barnabé kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó fi ibì kan hàn án nínú ẹ̀rọ náà, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ gbogbo ìlànà ara rẹ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní réjísítà. Ó ní, "Níbí, ẹ lè sọ fún un pé: bí o bá ti gbọ́ orúkọ báyìí, àdírẹ́sì báyìí ni kí o lọ. Kò kàn án, orúkọ tó bá wù yín. Ibi tí yóò lọ nìkan ló fẹ́ mọ̀." Sidonie ronú nípa ọkùnrin tó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ilé ara rẹ̀, tí télọ̀ máa ń bẹ̀ pé kó fi ọ̀pá aṣọ kan kún un. Ó kọ Agùntáṣọọ́lò. Ó kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ńlá síwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá lọ tó dé, orúkọ tí ẹ̀rọ ń wá kò já a láyà mọ́. Barnabé kó lọ sí Parakou. Ọ̀rọ̀ náà wá ku òun nìkan.

Àpótí tuntun tí Crépin gbé wá ti fún kọ̀ǹpútà ńlá ní àdírẹ́sì mìíràn. Agùntáṣọọ́lò kò lọ síbì kankan. Ilé ló pààrọ̀. Bí Sidonie bá là á yé wọn, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ pé, àbúrò yín ni mo fún lórúkọ oge?

"Kò le," ni Crépin wí. "Mo lè pa gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́, kí n tún un tò."

"O ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́!" Ìyá Ajíbọ́lá ti na ọwọ́ síwájú. "Kí Euloge dé láti Kpankou, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kí Ládélé náà rí i. Ìwọ, ìyàwó, kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Títí ọkọ rẹ yóò fi dé, má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ níbí."

Sidonie kúrò. Ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ojú gbogbo àwọn tó wà níta sì ń bá a lọ láti ojú fèrèsé. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ̀rọ̀ lónìí, kì í ṣe àga yẹn nìkan ni yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ti máa sọ ọ́ ní ọjà pé ìyàwó Euloge ní ọkùnrin gígùn kan tó kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ìyá Ajíbọ́lá ń wá nọ́ńbà Euloge lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró. Bàbá Ládélé ló sọ̀, eruku pupa ọ̀nà oko bo bàtà rẹ̀. Màlúù Fúlàní kan ló lọ gbẹ̀bí fún. Ó tẹrí ba, ó wọlé.

"Ẹ kú ilé o. Kí ló dé tí ẹran fi pọ̀ níta báyìí tí ẹ ò gún wọn?"

"Ládélé, bi ìyàwó ọmọ rẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ọkùnrin gígùn kan wà nínú ẹ̀rọ rẹ. Kó sọ fún wa bó ṣe débẹ̀."

"Ọkùnrin wo?"

Sidonie ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Crépin yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ògiri, bí ẹni tó ti kábàámọ̀ pé òun béèrè ọ̀rọ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe orúnkún rẹ."

Kò dìde. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin ni Agùntáṣọọ́lò."

Àgbò Sùmáyà ké lójú fèrèsé. Ìyá Ajíbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àbúrò rẹ̀, láti orí bàtà eléruku dé orí fìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn.

"Èmi ni mo fi orúkọ mi sọ ẹ̀rọ náà," ni Bàbá wí. "Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò lè pè é, Bàbá."

"Ọwọ́ lo fi ń kọ ọ́. Kì í ṣe ẹnu."

"Ọwọ́ tí mo fi ń gbé oúnjẹ fún yín náà ni."

Bàbá wo ọwọ́ náà. Bí ohùn Sidonie ṣe já gaara báyìí, kò tún fẹ́ dúró mọ́. "Nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù, ó kọ ọ́ síwájú mi pé ẹ kò dáhùn mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, Bàbá. Mo mọ̀ pé iná ló fà á. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó tún sọ bẹ́ẹ̀ nípa yín mọ́."

Bàbá Ládélé ṣí fìlà. Ó jókòó lórí kúlà tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sóko, ó fi fìlà náà nu ojú, ó sì pẹ́ nídìí ojú nínù.

"Crépin," ló wí nígbẹ̀yìn, "kí ló kù tí yóò fi ṣiṣẹ́?"

Crépin ti yí padà. "Níbo lẹ kọ ọ́ sí, Màdáàmù?"

"Nínú réjísítà, ẹ̀gbọ́n. Àdírẹ́sì àtijọ́ ló wà níbẹ̀."

"Háà! Èmi ni mo yí i lánàá!" Ó lu orí ara rẹ̀. "Iṣẹ́ tó dáa lẹ ṣe o. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀, lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé ńkọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Sidonie dáhùn, ìtìjú sì mú un, torí òótọ́ ni.

Crépin dìde fún un, ó jókòó sí àga rẹ̀. Crépin ń ka àdírẹ́sì tuntun fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe ti yàrá fíríjì náà. Nígbà tó padà tó ní kí ẹ̀rọ ṣí, ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, gbogbo ẹran Kétu sì tò wálẹ̀ lójú rẹ̀, orúkọ àwọn tó ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá, ṣé kí n dá orúkọ gidi padà síbẹ̀?" ni Crépin béèrè.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ mọ́ ara ògiri, kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ má baà wá mi títí."

"Ìyá," ni Sùmáyà ké láti ojú fèrèsé, "ọkùnrin gígùn ọ̀hún ńkọ́? Ṣé kí n bá yín dì í mú?"

"Pa ẹnu dé, kí o sì fa àwọn oníwo rẹ wọlé. Ìwọ ló kàn."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹran ń wọlé, ẹran ń jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ibẹ̀ tó rọlẹ̀, kí Ìyá Ajíbọ́lá tó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, tó wá fara ti tábìlì Sidonie.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Ẹnu mi ṣáájú ojú mi lónìí. Má bínú."

"Mi ò bínú, Ìyá."

Kò lọ. Ó ń fi ìka ra igun tábìlì. "Èmi ńkọ́? Ọkọ rẹ lèmi náà nínú ilé yìí. Kí lo ń pè mí nínú ọkàn rẹ?"

Sidonie kò lè purọ́. "Ìyá ni mo ń pè yín."

"Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Ìyá. Ọmọ tó ń ra gúgúrú ń pè mí ní Ìyá." Ó wo ìta. "Àwọn ìyàwó tó wà nílé wa nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge, Ìbàdíàrán ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń bọ̀ láti odò, wọn yóò ti máa kí mi láti ọ̀nà jíjìn. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, a ti sin ín. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tún fi kíákíá wí pé, "Má fún mi ní tiwọn o. Tiwọn ti bá wọn lọ."

Sidonie dìde. Ó lọ sí yàrá fíríjì, ó gbé àga ibẹ̀ wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ún.

"Ẹ jókòó síbí, Ìyá. Ibí ni kí ẹ ti máa pe àwọn èèyàn lónìí. Mo fẹ́ wò yín dáadáa ná, kí n tó fún yín ní tiyín."

Ìyá Ajíbọ́lá jókòó. Ó tún gèlè ṣe, ó na ọrùn díẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.