Ìlà Kẹrin Tó Ṣófo

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe ìwé, mi ò sì ka ẹyọ kan nínú wọn, torí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ nǹkan ni. Àwọn kan á ti fa ìlà sí i, àwa tábìlì kẹta á ká a sí méjì, a ó gún píìnì sí i láàárín, a ó tò ó ní méjìlá-méjìlá. Bí wọ́n bá bi mí níta pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, tí mo bá ní ìwé ni mò ń ṣe, wọ́n á máa wò mí bíi pé ọ̀mọ̀wé ni mí. Èmi ò sì já wọn kulẹ̀ rí.

Mẹ́rin ni wá ní tábìlì kẹta. Èmi ni olórí, kì í ṣe torí ọgbọ́n, torí pé èmi ló pẹ́ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọge méjì kan wà tí ẹnu wọn kì í sinmi. Ẹnìkẹrin ni Jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, àwa la fún un lórúkọ yẹn, torí bí iná bá ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ó máa kọ́kọ́ to ìwé ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó bojú wẹ̀yìn. Ọdún mẹ́rìnlá la fi jókòó kọjú síra wa. Bí eyín bá ń dùn ún, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ wa ṣe máa ń rí, torí ibẹ̀ ni wàhálà yìí ti wá. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, akọ̀wé á gbé pátákó kan kiri tí wọ́n há ìwé mọ́, wọ́n á fi okùn so bírò mọ́ ọn bí ẹni so ewúrẹ́. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Bí ìlà kan bá ṣófo, wọn ò ní tan ẹ̀rọ tábìlì yẹn. Bẹ́ẹ̀, Jẹ́jẹ́ ò lè tètè dé láéláé: ọmọ máa lọ iléèwé, ìyá ọkọ máa lo oògùn. Nítorí náà, bí mo bá ti fọwọ́ sí tèmi tán, ọwọ́ mi á bọ́ sí tirẹ̀. Ìrù kékeré kan wà tó máa ń fà sí ìparí orúkọ rẹ̀. Mo ń fà á dáadáa ju òun alára lọ. Akọ̀wé mọ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ ló mọ̀, tábìlì gbogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó lásán nítorí ìlà kan?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Jẹ́jẹ́ ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Ilé ìwòsàn tí iléeṣẹ́ ń rán wa lọ ló lọ, wọ́n fi báńdéèjì líle dì í láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó sì fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Láràárọ̀ ni akọ̀wé fúnra rẹ̀ ń fa igi sórí ìlà rẹ̀, kí ẹ̀rọ wa lè ṣiṣẹ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀rọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. A rò pé iná ni wọ́n mú lọ. Àfi bí máníjà ṣe jáde wá, ó gun orí páálí kan, ó ní ọjà ò yá mọ́, ó ní wọ́n ti ra ẹ̀rọ kan tó ń ká ìwé tó sì ń gún píìnì fúnra rẹ̀. Ó ní òní ni òpin iṣẹ́ wa. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà, kí a fọwọ́ sí ìwé kí a tó mú báàgì wa.

Lẹ́yìn "òní" yẹn, ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí mọ́. Mi ò sunkún, mi ò bínú. Ara mi kàn kú ni. Mo rí akọ̀wé tó ń bọ̀ pẹ̀lú pátákó, mo rí i pé okùn bírò náà tuntun ni, ó pupa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọge béèrè pé kí ló wà nínú ìwé náà.

Akọ̀wé ní, "Pé ẹ ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ ni."

Mo fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọge fọwọ́ sí i. Akọ̀wé wò ó, ó ní, "Màmá, ìlà kan ṣófo."

Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, nǹkan kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mo gba bírò padà, mo kọ orúkọ Jẹ́jẹ́, mo fa ìrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú báàgì mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ṣì ń jí ní aago márùn-ún? Màá wẹ̀, màá múra, màá wá jókòó sórí àga bí àlejò tí wọn ò tíì fún lómi. Ọkọ mi, tó jẹ́ wẹ́dà, máa bá mi níbẹ̀ tó bá fẹ́ jáde. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ká gbogbo ìwé ìròyìn àtijọ́ inú ilé sí méjì-méjì, tí mo tò ó ní méjìlá-méjìlá. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé a ti dá iléeṣẹ́ tiwa sílẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín náà rín.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ wọlé wá, tòun ti ọwọ́ tó fi kọ́rùn. Mi ò rí i kó bínú rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó lọ síbi iṣẹ́ láti béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún òun, wọ́n bá fún un ní ẹ̀dà ìwé kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Wọ́n ní èmi fúnra mi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀! Wọ́n ní mo ti gbà pé mi ò ní bá wọn ṣẹjọ́! Ọwọ́ wo ni mo fi kọ ọ́? Ẹsẹ̀ ni?"

Mo wo ìwé náà. Ìrù yẹn rẹwà níbẹ̀.

Ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún un pé bí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ọ̀gá ò kàn lè gun orí páálí kó ní ó tán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì fún wọn ní ìwé ṣáájú, oṣù mẹ́ta gbáko fún ẹni tó ti pẹ́. Títí oṣù mẹ́ta yẹn á fi pé, òṣìṣẹ́ ṣì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i pé òun lòun fi iṣẹ́ sílẹ̀, onítọ̀hún ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Egungun yìí ò so pọ̀ dáadáa," Jẹ́jẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Dókítà ní àwọn máa tún un ṣe lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí bó bá gan báyìí, ọwọ́ náà ò ní lè di nǹkan mú mọ́. Ilé ìwòsàn ní iléeṣẹ́ ló ń sanwó, àfi tí mo bá ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́. Máníjà yẹn ló kọ ọ́, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lọ. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Mo ní màá lọ. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?

Ọkọ mi ni mo sọ fún. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, "Sọ fún un kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Òótọ́ korò, àmọ́ kì í pani." Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ ọ́.

Yàrá kékeré ni ọ́fíìsì náà, fáànù ń yí lókè bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Máníjà jókòó lápá kan pẹ̀lú fáìlì, èmi àti Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin ìjọba náà gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí.

Máníjà ní Jẹ́jẹ́ ló fọwọ́ sí i, bóyá wọ́n gbé e lọ bá a nílé ni, bóyá ọwọ́ òsì ló lò, òun ò mọ̀. Obìnrin ìjọba kọjú sí mi.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ wà ní tábìlì yẹn. Ṣé ó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà?"

"Kò wá."

"Ta ló wá fọwọ́ sí i fún un?"

Mo gbọ́ fáànù. Jẹ́jẹ́ ń wò mí, ojú rẹ̀ gbà mí gbọ́.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn, ní ọ̀sán gangan. Ojú sì tì mí, àmọ́ bíi pé ẹlòmíì ní ilé kejì lójú ń tì ló rí.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní láìsí ẹlẹ́rìí, òun ò kàn lè da ìwé náà nù. Òun máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ìwé wò, ó lè tó oṣù kan. Jẹ́jẹ́ ní, "Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?" Máníjà pa fáìlì rẹ̀ dé.

"Kí ẹ tó lọ," obìnrin náà wí, "ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ wá lónìí."

Ó na pátákó kan sí mi. Wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn. Mo kọ orúkọ mi. Ìlà tó tẹ̀ lé e ṣófo.

Mi ò rò ó. Mo fi ọmọ mi búra, mi ò rò ó. Ìgbà tí mo fa ìrù náà tán ni mo rí ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe.

Mo gbójú sókè. Jẹ́jẹ́ ń wo ìwé náà. Obìnrin ìjọba rọra gba pátákó lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé iléeṣẹ́, ó fa awò rẹ̀ wálẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Báyẹn la ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lè tan ẹ̀rọ."

Máníjà fò dìde. "Ẹ ò rí i? Ayédèrú! Òun ló yẹ kẹ́ ẹ mú!"

"Ẹ jókòó, sà," obìnrin náà wí. "Tó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́, a jẹ́ pé obìnrin yìí ò kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ yín ṣì ni. Mo máa kọ̀wé sí ilé ìwòsàn lónìí." Ó wá wò mí. "Màmá, tiyín tó wà lókè ìwé iléeṣẹ́ yìí ńkọ́? Ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi náà ni."

"Ṣé ẹ kà á?"

Mo ní rárá. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà tèmi máa gùn, ó sì máa nira.

Ó fa igi sórí ohun tí mo kọ, ó wá gbé pátákó fún Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ òsì mú bírò. Ìwé náà ń yọ̀, mo bá na ọwọ́ láti bá a di etí rẹ̀ mú.

Ó sún pátákó náà kúrò nítòsí mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ó wí. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. "Màá kọ ọ́ fúnra mi."

Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́gọwọ̀gọ, láìsí ìrù. Ó pẹ́ gan-an. Èmi, máníjà, obìnrin ìjọba, gbogbo wa jókòó, a dúró títí ó fi kọ ọ́ tán.