Ojú Ìwé Kẹsàn-án

"Yọ ojú ìwé kẹsàn-án kúrò, kí n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélaní ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ìwé ìwádìí Dókítà Monílọ́lá wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣekágbá ọmọbìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni Monílọ́lá ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn lábẹ́ bàbá yìí nílé ìwòsàn wọn ní Oǹdó. Tí bàbá ò bá buwọ́ lù ú kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ìdánwò ọdún yìí ti fò ó nìyẹn.

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé irọ́ wà níbẹ̀ ni?"

"Ta ló ń sọ ti irọ́? Lọ́la, níwájú gbogbo dókítà tó máa pé jọ ní Àkúrẹ́, o fẹ́ sọ pé àwa la sọ aláìsàn di arọ. Ṣé orí rẹ pé?"

Orí Monílọ́lá pé. Ogójì èèyàn tí wọ́n já lórí igi tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú ló tọpa wọn, kó lè mọ bí wọ́n ṣe gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ojú ìwé mẹ́jọ àkọ́kọ́ sọ nípa àwọn ará ilé tí wọ́n ń fi ọ̀kadà gbé ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, kó má bàa ṣubú. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn ojú ìwé mẹ́jọ yẹn gan-an, torí pé ará oko ló jẹ̀bi níbẹ̀. Ìkẹsàn-án ló sọ ti géètì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀: bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sáré jáde, tí ọ̀kan á ní, "Di abíyá mú, kí n di ẹsẹ̀ mú," tí wọ́n á wá ká aláìsàn pọ̀ bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Èèyàn mẹ́fà ló ṣì ń mi ẹsẹ̀ ní géètì, tí wọn ò lè mì í mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti gbọ́, sà," ló sọ. Kò sọ pé òun máa ṣe é.

Ó kó ìwé rẹ̀, ó gba wọ́ọ̀dù lọ. Akíntóyè, àgbẹ̀ tó já lórí igi obì ní Ìgbàrà-Òkè, ń sùn. Òun lẹni ìkẹfà nínú àwọn mẹ́fà yẹn. Ìyàwó rẹ̀, Agnes, ń fi òróró pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan mọ́.

"Dókítà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má fi pa mọ́ fún mi."

"Ẹ bi mí, mà."

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé ẹni tó bá já, ká tẹ́ ẹ sórí nǹkan tó le, ká má ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n tú ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa. Orí rẹ̀ la tẹ́ ẹ sí nínú píkọ́ọ̀pù títí a fi débí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ilẹ̀kùn mi ló sọ ọ́ di arọ. Wọ́n ní kí n má padà sílé àwọn. Ṣé òótọ́ ni?"

Monílọ́lá rántí ilẹ̀kùn náà dáadáa. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, nọ́ọ̀sì kan sì ní irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ò lè wọ ẹ̀ka pàjáwìrì. Ni wọ́n bá gbé Akíntóyè kúrò lórí rẹ̀ ní géètì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé gbogbo wọn. Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà.

"Irọ́ ni, mà. Ẹ̀yin lẹ ṣe é bó ṣe yẹ."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Màá sọ fún wọn. Àwọn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún ní Àkúrẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélaní jókòó níwájú pátápátá, fọ́ọ̀mù tí kò tíì buwọ́ lù wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí Monílọ́lá ka ojú ìwé kẹjọ tán, bàbá gbé gègé sókè kó rí i, bíi pé òun ti fẹ́ buwọ́ lù ú.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Dókítà. O ṣeun."

"Ó kù díẹ̀, sà."

Ó ka ìkẹsàn-án láìfo gbólóhùn kan. Nígbà tó dé orí àgbẹ̀ tí wọ́n gbé kúrò lórí ilẹ̀kùn, ọ̀gá rẹ̀ dìde.

"Kò sí fáìlì kankan tó sọ pé ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ń mì ní géètì. Lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ?"

Ẹ̀rù ń ba Monílọ́lá, inú sì ń bí i, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù.

"Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, sà. Ẹlòmíì di abíyá rẹ̀ mú, èmi ni mo di ẹsẹ̀ mú. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lọ́wọ́ mi nígbà tá a gbé e. Ká tó dé orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti dúró."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélaní ki fọ́ọ̀mù náà bọ àpò, ó sì jáde. Monílọ́lá dúró títí ilẹ̀kùn fi pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ó wá ṣí ojú ìwé kẹwàá, ó ń kà á lọ.