Orúnkún Uncle Adégbóyè

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń mòòkùn ní Woolwich rán Moráyọ̀ níṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ wo etí òkun apá àríwá ìlú ọba, ní Northumberland, kó bá wọn wá ibi méjì tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn wọnú omi láìwọ ọkọ̀ ojú omi, kí gbogbo wọn lè lọ síbẹ̀ tí ooru bá dé. Nọ́ọ̀sì ni Moráyọ̀, Thamesmead ló ń gbé, nítòsí Tavy Bridge. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ abẹ́ omi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń gbàdúrà fún un lórí ọ̀rọ̀ náà.

Chloe, ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan, ló yẹ kó bá a lọ, àmọ́ ọ̀fìnkìn dá a dùbúlẹ̀. Bí Uncle Adégbóyè ṣe gbọ́ nípa ìrìn àjò náà nìyẹn. Àbúrò ìyá Moráyọ̀ ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun dá wakọ̀ fún wákàtí méje, àti pé tó bá di ọ̀rọ̀ omi, òun ò nílò olùkọ́. Moráyọ̀ bi í pé ìgbà wo ló lúwẹ̀ẹ́ kẹ́yìn. Ó ní ìyẹn kọ́ làwọn ń sọ.

Ó lọ sí Powis Street, ó ra ìbọ̀wọ́ méjì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àti fìlà onírun kan tó ní bọ́ọ̀lù róbótó lórí. Ó sọ fún pásítọ̀ pé òun ò ní sí ní ìsìn ọjọ́ Àìkú, pé òun ń lọ wo etíkun fún ìjọba. Nígbà tó sọ ọ́ nínú mọ́tò, Moráyọ̀ ní ìjọba wo. Ó ní kó máa wakọ̀ lọ.

Kí Moráyọ̀ tó kúrò nílé ló ti yẹ àkókò tí omi òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà wò lórí fóònù. Uncle fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ní Ẹ̀pẹ́, èèyàn á wo ojú omi lásán, á sì mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà etíkun, ó nawọ́ sí ibì kan tí omi ti ń dán yanran, ó ní ibẹ̀ gan-an ni. Moráyọ̀ sọ fún un pé omi náà máa tó fà. Kò gbà. Ìgbà tí wọ́n fi máa páàkì, tí wọ́n fi máa rìn débẹ̀, omi ti lọ jìnnà, ẹrẹ̀ ló kù. Bàtà Uncle kan rì sínú rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé ẹsẹ̀ jáde.

"Uncle, ṣé ojú tí ẹ fi ń wò ó ní Ẹ̀pẹ́ nìyí?"

"Omi ibí ò níwà," ni Uncle wí.

Moráyọ̀ ló yan ibi kejì. Àtẹ̀gùn òkúta gígùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ sí etí omi tó mọ́ rekete. Moráyọ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó wẹ̀yìn, Uncle ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹwàá, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Ó pè é láti òkè pé kó rò ó dáadáa: sílíńdà lẹ́yìn, òjé tí wọ́n fi ń rì sísàlẹ̀ ní ìbàdí, aṣọ tútù lára, kó wá gun gbogbo èyí padà. Moráyọ̀ fẹ́ jiyàn. Àmọ́ ìgbà tó gùn ún dé ìdajì láìgbé nǹkan kan, òun náà jókòó.

Omi nìkan ló ti ń wò látàárọ̀. Kò ro ti bí wọ́n ṣe máa padà sókè rárá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Uncle. Uncle ní láti ìsinsìnyí lọ, ibi tí orúnkún òun bá kọ̀, kí wọ́n kọjá ibẹ̀.

Obìnrin kan tó ń mú ajá rìn ló júwe èbúté kékeré kan fún wọn, lẹ́yìn abúlé kan nítòsí. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń ti ọkọ̀ ojú omi gbà, ó rọra dagẹ̀rẹ̀ wọnú omi, àwọn àpáta sì dí afẹ́fẹ́ níwájú. Uncle rìn ín dé ìsàlẹ̀, ó rìn ín padà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Orúnkún gbà.

Moráyọ̀ wọ aṣọ rọ́bà rẹ̀, ó wọ omi dé àyà, ó sì ki orí bọ̀ ọ́ láti wo ìsàlẹ̀. Uncle bẹ̀rẹ̀ àdúrà létí omi. Láàárín àdúrà, á bi í bóyá ó ṣì ń mí. Ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú omi ò sì lè dáhùn, ni Uncle bá tún gbóhùn sókè.

Nígbà tó jáde, ó na gíláàsì ìmòòkùn sí Uncle. Ó rò pé á kọ̀. Uncle bọ́ fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àpáta, ó sì ki ojú bọ omi. Moráyọ̀ di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Akàn kan ń wò mí."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo kí i."

Ó tún ki orí bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó, ó ń nu irùngbọ̀n rẹ̀. Ó sọ fún Moráyọ̀ pé omi àwọn nílé dúdú, pé gbogbo ìgbà èwe òun lòun fi lúwẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀, òun ò sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí. Moráyọ̀ ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó da tíì fún un látinú fíláàsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, orúnkún bá wọn rí ibì kan sí i. Nígbà tí wọ́n délé, Moráyọ̀ kọ ìròyìn fún ẹgbẹ́: ibi tí wọ́n lè páàkì sí, bí omi ṣe jìn tó, ìgbà tó ń kún. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ó kọ ọ́ pé bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kan rìn ín lọ, ó sì rìn ín bọ̀.

Uncle ka ìròyìn náà, ó bínú. Ó ní kó pa "bàbá" rẹ́, kó pa ọjọ́ orí rẹ́, kó kọ "ọ̀jọ̀gbọ́n omi kan láti Ẹ̀pẹ́". Moráyọ̀ ò gbà, ó ti fi ránṣẹ́. Chloe àti àwọn yòókù ti wá ń béèrè bóyá bàbá náà á lè bá wọn wo etíkun Scotland. Uncle ní òun á ronú sí i, àmọ́ ó ti lọ ra bàtà rọ́bà.