Ẹni Tí Kóòṣì Ń Bá Rìn

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ rí i pé Kóòṣì fọwọ́ pe Oníbúrẹ́dì, tí àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lórí koríko àárín pápá, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń so okùn bàtà tí kò tú. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn. Kóòṣì ń fọwọ́ júwe nǹkan, Oníbúrẹ́dì ń mi orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ tó máa ń ró bí ẹni da páànù sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn wọ Abẹ́rẹ́ lára bí ẹ̀gún.

Tirẹ̀ ni ìrìn yẹn. Láti ìgbà tó ti dé inú ẹgbẹ́ eléré ìje náà, òun ni Kóòṣì máa ń pè bí wọ́n bá ti parí ìdánrawò. Wọn á jọ yí pápá po, wọn ò ní kánjú, Kóòṣì á máa tiro díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún tó bàjẹ́ fún un nígbà tí òun náà ń sáré, á sì máa sọ gbogbo ohun tó rí lára eré Abẹ́rẹ́ fún un. Àwọn tó kù á gbé báàgì wọn, wọn á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ń dá sí i. Gbogbo wọn mọ̀ pé àyè Abẹ́rẹ́ ni.

Aránṣọ ni Abẹ́rẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ yẹn ló bí orúkọ tí wọ́n ń pè é, iṣẹ́ náà àti ara rẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí eré bá le, tí àwọn olùsáré fún mọ́ra wọn, ibi tí kò gba ọwọ́ ló máa ń rá pálá gbà kọjá. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni Kóòṣì ti rí i. Kóòṣì wá gba ṣòkòtò tó ní kí wọ́n bá òun gé, ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ti wọ mọ́tò lọ. Abẹ́rẹ́ gbá fóònù náà mú, ó bọ́ sójú títì, ó lé mọ́tò náà títí ó fi bá a níbi tí iná oríta ti dá a dúró. Kóòṣì yí gíláàsì sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo fóònù.

"Ta ló kọ́ ẹ ní eré?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

"Ó hàn. Ọwọ́ rẹ ń fò kiri bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn! Wá sí pápá lọ́la."

Ó lọ. Lẹ́yìn ìdíje tó kọ́kọ́ sá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Kóòṣì wá dúró tì í, kò pariwo, kò pàtẹ́wọ́. "Mo rí ẹ," ló sọ. Ó tán. Ilé tí wọ́n ti bí Abẹ́rẹ́, àbíkẹ́yìn ni láàárín ọmọ rẹpẹtẹ, tó bá jáde, wọn kì í tètè mọ̀, tó bá wọlé, wọ́n á ní, "Àṣé o jáde?" Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn jókòó sí i lọ́kàn. Gbogbo eré tó sá lẹ́yìn ìgbà náà, òun ló ń sá a fún. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ó rò pé àmì ẹ̀yẹ ni.

Oníbúrẹ́dì wá dé. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, ìyẹ̀fun kì í tán nínú irun rẹ̀, eré rẹ̀ kò lẹ́wà rárá, àmọ́ kì í rẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó dé tó fi ń bá Abẹ́rẹ́ gbé e fẹ́gbẹ́kẹ́gbẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi imú ṣíwájú Abẹ́rẹ́, Kóòṣì tiro lọ bá a, ó dúró tì í, ó sì sọ ọ́, kedere, Abẹ́rẹ́ sì gbọ́: "Mo rí ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, Oníbúrẹ́dì ló ń pè fún ìrìn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé aṣọ kan sókè, ó nà án síwájú fèrèsé. "Àbúrò mi, wo ibi tí o rán yìí. Ṣé aṣọ lo rán ni, àbí o ń ya ejò?"

"Ẹ má bínú. Màá tú u."

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan, o wá fi apá aṣọ oníbàárà rán mọ́ ọrùn? Àbí o ti ń fẹ́ kóòṣì yín yẹn ni?"

"Áà, Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ!"

"Kí wá ni?"

Abẹ́rẹ́ sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dá. "Owú lò ń jẹ. Mo ti jẹ ẹ́ rí, mo mọ bó ṣe máa ń hàn lójú. Ṣùgbọ́n èmi, ọkọ mi ni mo jẹ ẹ́ lé lórí. Ìwọ, kí ni tìẹ níbẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bo ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní ìlú mìíràn nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo sì ni ẹgbẹ́ wọn lè fi ránṣẹ́ fún eré ìyípo méjì, tí í ṣe eré Abẹ́rẹ́ àti Oníbúrẹ́dì. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò sá a láàárín ara wọn láti mọ ẹni tí yóò lọ. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé, Kóòṣì ń bá Oníbúrẹ́dì rìn, owú sì ń ta Abẹ́rẹ́ bí iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku àwọn méjì péré nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Oníbúrẹ́dì jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń kọrin sínú, ó ń nu ẹsẹ̀. Orin yẹn ló bí Abẹ́rẹ́ nínú.

"Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ," ó ní, "àmọ́ kò dáa kí n gbọ́ ọ kí n dákẹ́."

"Kí ni?"

"Kóòṣì ní ara rẹ ti wúwo jù. Ó ní ibi tí eré rẹ lè dé náà nìyí. Torí kí n lè rí ẹni tí á máa lé mi ló ṣe ń tọ́jú ẹ."

Irọ́ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́. Oníbúrẹ́dì dẹ́kun orin. Ó wo itan rẹ̀, ó sì fa táwẹ́ẹ̀lì bò ó. Abẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Títí tó fi délé, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ni pé ọkàn Oníbúrẹ́dì yóò rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Bí Kóòṣì bá pè é kí wọ́n jọ rìn, á ní ọ̀gá òun ń retí òun níbi iṣẹ́, á sì kọjá lọ. Kóòṣì á dúró sórí koríko ní òun nìkan, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, Kóòṣì ṣẹ́wọ́ sí Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ sáré lọ bá a, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn tẹ́lẹ̀.

"Kí ló ṣe ọmọ yẹn?" Kóòṣì béèrè.

"Ọmọ wo, sà?"

"Oníbúrẹ́dì. Ṣé kò sọ nǹkan kan fún ẹ? Ṣé ara rẹ̀ yá? Ṣé wọn kì í fìyà jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́?"

Wọ́n yí pápá po tán, kò mẹ́nu ba eré Abẹ́rẹ́. Ìrìn tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí, orí Oníbúrẹ́dì ló tán sí.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, eré náà kò pẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì ti já lọ níwájú. Abẹ́rẹ́ ń sọ fún ara rẹ̀ pé yóò rẹ̀ ẹ́, pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí tí kì í rẹ̀, àmọ́ kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ń wò títí wọ́n fi dé ìlà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pariwo. Kóòṣì tiro wá, ó na ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ tàn bí ojú bàbá ọmọ. Oníbúrẹ́dì sún sẹ́yìn.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní, èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. "Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá yín lé Abẹ́rẹ́."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde ní pápá. Kóòṣì dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sílẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Oníbúrẹ́dì kò wá sí ìdánrawò mọ́. Wọ́n pè é lórí fóònù, kò gbé e. Níkẹyìn, Kóòṣì fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ìwọ lo máa lọ sí ìdíje," ó sọ fún Abẹ́rẹ́.

Ohun tó ń wá nìyẹn. Ó dúró kí inú òun dùn, inú náà kò dùn. Kóòṣì ń wo ilẹ̀ níbi tí àgékù aṣọ kún sí.

"Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí," Kóòṣì ní. "Ẹni tó yẹ kí n jágbe mọ́, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó yẹ kí n rọra bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Bóyá kí n kúkú jókòó sílé."

Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́, sà. Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo ohun tó sọ nínú yàrá yẹn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Abẹ́rẹ́ ń retí ariwo. Ariwo ni ì bá sàn fún un. Kóòṣì kàn dìde, ó di ògiri mú títí orúnkún rẹ̀ fi gbà á.

"Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún," ó ní. "O mọ ẹni náà." Ó sì lọ.

Ooru ilé búrẹ́dì pàdé Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Oníbúrẹ́dì dúró nídìí tábìlì gígùn, ó ń fi ìkúùkù gún ìyẹ̀fun pípò. Nígbà tó rí àlejò rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ bó ṣe dúró níbẹ̀, láàárín àwọn páànù. Ìgbà tó parí ni Oníbúrẹ́dì tó gbé orí sókè.

"Kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ìrìn yẹn."

"Ìrìn wo?"

"Tí Kóòṣì máa ń bá ẹ rìn."

Oníbúrẹ́dì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ìyẹn? Bàbá yẹn á máa rojọ́ èjìká àti ọwọ́, èmi á máa ro ohun tí màá jẹ nílé. Kí ló dé tí o ò ní kí n fún ẹ? Ǹ bá ti gbé e fún ẹ, kí n tètè máa lọ."

Ohun tó ń ṣe Abẹ́rẹ́ ju ìtìjú lọ. "Kí ló wá ń mú ìwọ sáré?"

"Ojú kan náà ni mò ń dúró sí láti àárọ̀ níbí. Ní pápá, mo ń lọ." Ó gún ìyẹ̀fun náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá dáwọ́ dúró. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara wúwo yẹn, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi. Ilé, ilé ìwé, títí dé ibí yìí. Pápá nìkan ni wọn ò ti sọ ọ́ rí. Ìwọ lo gbé e wá síbẹ̀."

"Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mò ń bínú. Máa lọ. Mo ti gbọ́."

Oníbúrẹ́dì padà sí pápá lọ́jọ́ kejì, ó bá Kóòṣì sọ̀rọ̀, òun náà ló sì lọ sí ìdíje. Abẹ́rẹ́, kò kí i ju o kú iṣẹ́ lọ. Kóòṣì kò lé Abẹ́rẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, àmọ́ kò bá ẹnikẹ́ni dá rìn mọ́. Bí wọ́n bá ti parí, á pe gbogbo wọn jọ, á sọ tẹnìkọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ ìdíje, Abẹ́rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fóònù ti aṣọ tí wọ́n ká jọ, wọ́n ń wo eré náà. Oníbúrẹ́dì ṣe ipò kẹta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo, Abẹ́rẹ́ náà pariwo, ó tilẹ̀ fò sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Kóòṣì hàn tó gbá Oníbúrẹ́dì mọ́ra, tí Oníbúrẹ́dì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ bíi ti ìjọ́sí.

"Ó ṣì ń dùn ẹ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Ó ń dùn mí, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Jókòó, ká jẹun."

"Ẹ bò ó dè mí." Ó ti ń wá bàtà eré rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Kò sẹ́nì kankan ní pápá àfi ọkùnrin tó ń gé koríko. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Kóòṣì yín ò sí nílé o. Kò sí ìdánrawò lónìí."

"Mo mọ̀, sà," Abẹ́rẹ́ dáhùn. Ó dúró lórí ìlà, ó mí sínú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń gé koríko rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ yí igun àkọ́kọ́, ó sì fi kún eré.