Nọ́ńbà Kékeré Lẹ́sẹ̀ Omi

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí aṣọ ilé-ìwé mi mú, Àǹtí. Ìyókù lè dúró."

Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ ọwọ́ lẹ́kún. Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, aṣọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán wà lápá rẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Láti ọ̀sán ni òjò ti ń rọ̀, òjò jẹ́jẹ́ tó dà bíi pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí páànù, tó sì mú kí gbogbo ilé rí bí ibi tí èèyàn ti dé lójú àlá.

Lórí aṣọ inú báàgì náà, ohun kan wà tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé. Tíṣà mọ ohun tó jẹ́. Fọ́tò ìyá ọmọ náà ni, ìyá tó bí i tó sì ti sùn nínú Olúwa kí ọmọ tó mọ irun orí rẹ̀ dì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ló máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí Tíṣà wọlé bí ìyàwó ni ọkọ rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ara lè rọ ìyàwó tuntun. Ihò ìṣó ṣì wà lára ògiri.

Kí Tíṣà tó di ìyàwó ilé yìí ló ti ń kọ́ ọmọ náà ní kẹ́mísírì nílé-ìwé. Òun ló sọ ọ́ ní Ojú-fèrèsé, nítorí pé bí ara rẹ̀ bá ti jókòó sórí àga báyìí, ojú rẹ̀ á ti gba fèrèsé jáde. Nígbà tí Tíṣà sì di ìyàwó bàbá rẹ̀, "Àǹtí" lọmọ náà ń pè é. Kò fi ìgbéraga pè é, kò sì fi ìkùnsínú pè é. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i. Ọmọ náà gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, omi àwọn àlejò yín rèé." Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ọmọ ọ̀dọ̀ yín yìí mà mọ ẹ̀kọ́ o. Ibo lẹ ti rí i?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ajórin ni ọkọ rẹ̀, kò mọ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà tọ́ nǹkan: a fi iná sí i, a tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ òní ló pàṣẹ nídìí oúnjẹ: "Mọ́mì ni wàá máa pè é láti òní lọ. Bí kò bá bá ọ lára mu, ilé ìyá àgbà rẹ kò jìnnà."

Ọmọ náà gbé síbí kalẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Màá lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà."

Bàbá ní bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun fúnra òun yóò sìn ín lọ.

Ó wá ku kí ó dé. Tíṣà gbé aṣọ kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí, ẹ dákun, kí Bàbá mi tó dé, ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò. Bí mo bá gbé e dé ọ̀hún, Ìyá àgbà á kàn ní ká gbàdúrà lé e lórí ni."

"Àdúrà náà dáa."

"Ó dáa, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n á sùn lọ lórí ẹ̀."

Wọ́n jókòó sídìí fèrèsé pálọ̀. Níta, àgbá tí ajórin ń po òkúta kábáìdì mọ́ omi sí dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ẹfun tó máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni wọ́n fi kun ògiri ọgbà, ó funfun nínú òjò bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọn ò rántí ká. Èérún kábáìdì tó bọ́ sílẹ̀ ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tí òjò ti kàn án, òórùn rẹ̀ tó dà bíi ti ààyù ń rá wọlé.

"Ti Bàbá mi ni mo fi ṣe é," ọmọ náà wí. Ó fi ìka tọ ìlà kan lójú ìwé:

CaC₂ + H₄O₂ → C₂H₂ + Ca(OH)₂

"Kábáìdì rèé. Gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin ló jáde yìí. Ẹfun ara ògiri ló kẹ́yìn yìí."

"Èyí tó tẹ̀ lé kábáìdì ńkọ́?"

"Omi ni."

"Omi ibo ló ń jẹ́ H₄O₂?"

"Mo kà á títí, kò dọ́gba. Háídrójìn mẹ́rin ló wà lápá ọ̀tún, méjì péré ló wà lápá òsì. Ọ́síjìn náà kò pé. Ni mo bá tún omi ṣe."

"Omi tí Olúwa dá, ìwọ lo tún un ṣe."

"Ó ṣáà dọ́gba báyìí, Àǹtí."

"Ó dọ́gba lórí ìwé. Lọ bù ú wá kí n mu."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Tíṣà mú pẹ́ńsù.

"Gbọ́, Ojú-fèrèsé. Nọ́ńbà kékeré tó jókòó sẹ́sẹ̀ lẹ́tà yìí, a kì í fọwọ́ kàn án. Òun ló ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Háídrójìn méjì, ọ́síjìn kan: omi òjò ni, omi kànga ni, omi ojú náà ni. Bí o bá yí i padà, o ò tún omi ṣe, ńṣe lo lé omi lọ, tí o fi nǹkan mìíràn sípò rẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, iwájú ni kí o lọ. Wo iye irú rẹ̀ tó yẹ kó dúró níbẹ̀, kí o kọ ọ́ síwájú, kí o wá fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe..."

Pẹ́ńsù dúró lókè. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ fún kíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn láti ọdún pípẹ́ wá ni, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fún òun lónìí, láti inú òjò. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá tí báàgì wà. Ó wo ihò ìṣó lára ògiri.

"Bó ṣe kí ni, Àǹtí?"

"Bó ṣe wà. Kí o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ọmọ náà pa H₄O₂ rẹ́. Ó kọ 2 síwájú H₂O, ó kà á sọ́tùn-ún, ó kà á sósì. "Omi méjì."

"Omi méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì ń jẹ́ omi."

Bàbá wọlé pẹ̀lú bàtà tó kún fún ẹrẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìyá mi, ṣé o ti múra?"

Tíṣà dìde. "Ọkọ mi, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà parí rẹ̀. Àǹtí ni kí ó máa pè mí."

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé ó dùn ọ́."

"Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní ìyá. Mo ti fẹ́ kí ó yọ ìyá náà kúrò kí èmi lè ráyè, bẹ́ẹ̀ àyè sì wà tẹ́lẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láàárọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kó o jẹ ni?"

"Ẹ bá mi kó o jẹ. Èmi ni mo sè é."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu òjò lójú, ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ náà kúrò. "Bí àlejò bá tún dé ńkọ́?"

"Màá ní ọmọ mi ni, Àǹtí ló ń pè mí." Tíṣà yíjú sí ọmọ náà. "Bí o bá ṣì fẹ́ lọ, a máa sìn ọ́, kò sí ìjà ńbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló kù sí."

Ojú ọmọ náà ti gba fèrèsé jáde, bí ìṣe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é padà. Òjò ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó wọ yàrá, wọ́n gbọ́ tí síìpù báàgì ń ṣí. Fọ́tò ló gbé mọ́ àyà jáde, láìsí táwẹ́ẹ̀lì.

"Bàbá mi, ṣé ìṣó wà lápò yín?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò sókòtò. Ó rí ìṣó, ó wá òòlù, ó ní, "Gbé e wá kí n bá ọ kàn án."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo lè kàn án." Ó ti wọ́ àga sídìí ògiri, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Àga náà mì. Ó bojú wẹ̀yìn, kì í ṣe sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi di àga mú."

Tíṣà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.