Omi Tó Dé Lẹ́yìn Ooru

Nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn ti di pinpin. Obìnrin náà ki sípánà bọ̀ ọ́ lórí, ó fi èjìká tì í, nọ́ọ̀tì náà ké, ó sì yí. Kò tú u tán. Ó kọ́kọ́ yí ojú àgbá irin náà sí ògiri, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú irú àgbá bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun lè ta ìdérí bí ìbọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ fọn jáde bí ẹni tí ń pòṣé. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu omi iyọ̀ kúrò létí ìdérí, ó tún un nù, kí ó tó gbé e kúrò.

Ìyá Iyọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé iyọ̀ inú omi òkun ni ó ń wọ̀n jẹun. Kò sẹ́ni tí orúkọ náà ń pa lẹ́rìn-ín mọ́. Òun alára ń dáhùn.

Àgbá tó wà níwájú rẹ̀ ti lo ọdún kan nísàlẹ̀ òkun, létí ilẹ̀ yìnyín ní ìpẹ̀kun ayé. Ìṣàn omi tútù kan ń gba ibẹ̀ kọjá láìsinmi, bí odò ńlá tí ń ṣàn nínú òkun. Omi yìnyín tó yọ́ àti omi odò wà nínú rẹ̀, omi tí kò níyọ̀. Ìgbà wo nínú ọdún ni omi náà ń pọ̀, ìgbà wo ni ó ń dín? Àwọn tó ṣáájú ti wọn iyọ̀ ibẹ̀ tì, wọ́n ní kò yàtọ̀, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń so ẹ̀rọ wọn sí, torí ìbẹ̀rù òkè yìnyín tí ń léfòó kọjá, tí í gé okùn bí ẹni gé òwú. Omi tí kò níyọ̀ sì fúyẹ́. Òkè ló ń gbà. Ẹni tó ń wá epo nísàlẹ̀ omi, ìgbà wo ni yóò rí i?

Ìyá Iyọ̀ dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan sókè nítòsí ojú omi, kí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ àgbá irin nísàlẹ̀. Bí yìnyín bá kọ lù ú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò já, ẹ̀rọ òkè yóò bá omi lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó ti wọ̀n ni yóò ti máa rán sísàlẹ̀ sínú àgbá, wákàtí dé wákàtí. Okùn tí a ṣe kí ó lè já. Ọ̀gá àgbà wọn, ìyá àgbàlagbà kan, rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ọdún kan péré ni ó fún un láti dán an wò.

Ọdún náà pé lónìí. Ọkọ̀ gbé àgbá dé láàárọ̀ nínú òjò, yóò sì padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Bí àgbá bá ṣófo, ẹ̀rọ òkè kankan kò ní bá ọkọ̀ lọ mọ́, àwọn oníṣẹ́ ẹja ni yóò sì gba yàrá yìí. Wọ́n tilẹ̀ ti wá wọn fèrèsé fún kọ́tìnì.

Ó gbójú sókè wo fèrèsé náà. Òjò ti dá, oòrùn ti yọ, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń to àpò iyẹ̀pẹ̀ sí etí gọ́tà ńlá tó ti òkè ìlú wá. Omi inú gọ́tà náà kò ju kókósẹ̀ lọ. Ìfiṣẹ́ṣòfò, ni ó wí sínú. Ó padà sídìí wáyà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣílẹ̀kùn wọlé. Òun ni ó ń mójú tó okùn lórí ọkọ̀. Ó gbé ègé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí tábìlì.

"Ẹ̀rọ òkè ti lọ," ló wí. "Ibi tí o ní kó já gan-an ló já. Ọmọ tó gbọ́ tìyá ẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi."

"Má tíì dúpẹ́. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ojú wọn ò dáa."

Ọ̀gá àgbà wọlé lóòótọ́, ó sì kọ̀ láti jókòó. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, yìnyín ti gbé ẹ̀rọ tó ti fi ọdún méjì wọn omi lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ kí wọ́n so ohunkóhun sókè. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí alángbá, á sá.

Ìyá Iyọ̀ ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Ilà tó ń fi iye iyọ̀ hàn yọ lójú rẹ̀, ó ń gùn lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ju àgbá sómi. Ó ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé Oṣù Kẹjọ ni omi náà yóò pọ̀, nígbà tí ooru mú tí yìnyín ń yọ́. Ó wo Oṣù Kẹjọ. Ilà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Iyọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"A ti gbìyànjú," ni ọ̀gá àgbà wí, ohùn rẹ̀ kò sì le.

Ìyá Iyọ̀ ṣì ń wo ilà náà. Kì í fi ohun tí a ti sanwó fún sílẹ̀ láìkà á dópin. Ó sún ilà náà síwájú. Nínú Oṣù Kẹsàn-án, ó tẹ̀ díẹ̀. Nínú Oṣù Kẹwàá, ó já wálẹ̀ bí òkò. Ó wà nísàlẹ̀ jálẹ̀ Oṣù Kọkànlá, kí ó tó gé lójijì níbi tí yìnyín ti mú ẹ̀rọ lọ. Ó dìde fùú, àga rẹ̀ ṣubú.

"Ìdọ̀tí ni," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ìdọ̀tí òkun ló dí imú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì sí nílẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló mú ilà yìí wá, ohun tí òun náà ìbá sọ nìyẹn. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo orí pẹpẹ òkè.

Ìgò kan ni ó wà níbẹ̀. Nínú Oṣù Kẹwàá tó kọjá, ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bu omi ojú òkun sínú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Iyọ̀ wọ̀n ọ́n, iyọ̀ inú rẹ̀ kéré débi pé ó ní òjò ló kán sí i. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹni tí kò lè bo ìgò kò yẹ kó gbé e. Ó dí ẹnu ìgò náà, ó fi yíǹkì pupa kọ ÒJÒ sí i lára, ó gbé e síbẹ̀ láti fi kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi, ẹ bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀."

"Òjò ti dẹni iyì lónìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì gbé e fún un tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó nu èèpá iyọ̀ kúrò lẹ́nu ìgò, kí ẹyọ kan má baà já sínú rẹ̀. Ó fi díẹ̀ nínú omi náà ṣan ẹ̀rọ ìwọnyọ̀ orí tábìlì, ó dà á nù, ó tún ṣan án, lẹ́yìn náà ni ó wọ̀n ọ́n. Ó wo ọjọ́ tí ó wà lára ìgò. Ó fi ìka tẹ ọjọ́ kan náà lára ilà. Iye méjèèjì bára mu régé.

Ọ̀gá àgbà gbé àga tó ṣubú dìde, ó sì jókòó sórí rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ooru ló ń dé," ló wí. "À ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí àlejò ò tíì kúrò nílé."

Ìyá Iyọ̀ ń sọ̀rọ̀ ní wàrà-wàrà báyìí. Ó ní ọ̀nà jíjìn ni omi náà ti ń bọ̀, pé ohun tó yọ́ nínú ooru ṣì ń rìn bọ̀ nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, pé ó jọ pé atẹ́gùn ìgbà náà tún ń tì í mọ́ etíkun. Ó ní òun náà ti ṣìnà pẹ̀lú Oṣù Kẹjọ òun. Ọ̀gá àgbà na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ̀rọ òkè mélòó ló kù nílé?"

"Méjì, mà."

"Kó méjèèjì."

Ní ìrọ̀lẹ́, lórí ọkọ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀rọ kìíní, wọ́n so ó mọ́ èkejì. Ó fa kókó kọ̀ọ̀kan wò.

"Ẹ kúkú bo ìgò yẹn dáadáa lọ́jọ́sí, Bọ̀dá mi," ni ó wí láìgbójú sókè. "Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀ pé mo bò ó. Sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹ́ fa àtẹ̀gùn."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó sì ṣí kúrò létí èbúté. Kò dúró juwọ́. Ilé ti yá. Ṣùgbọ́n bó ti dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá, ó gbọ́ ariwo, ó sì dúró. Omi pupa láti òkè ìlú ti kún gọ́tà dé etí àpò iyẹ̀pẹ̀, ó ń sáré lọ sínú òkun. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Láti àárọ̀, ẹ̀kán òjò kan kò tún já bọ́.

Ó wo omi náà títí. Lẹ́yìn náà ni ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gba orí àwọn àpò náà kọjá, ó ń lọ sílé.