Kò Sí Bọ̀ọ̀dá Lórí Pápá

Ní ọdún 1971, ọmọ mi kékeré, Mùyídéènì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbá bọ́ọ̀lù ní Iléṣà, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ lójú gbogbo èrò, wọ́n sì gba ife.

Èmi ni mo ní kó pè é. Kí ẹnikẹ́ni má dá ọmọ náà lẹ́bi.

Ọmọ méjì ni mo bí. Àmúdà ni àkọ́bí, Mùyídéènì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Àpò kòkó ni mò ń rán nígbà náà, lẹ́bàá ibùdó rélùwéè ní Òṣogbo. Èyí tó bá ya nínú àpò, wọ́n á kó o wá bá mi, màá fi abẹ́rẹ́ ńlá lẹ̀ ẹ́. Bàbá wọn, Àjàgbé, ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Àmúdà mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ńlá ní ilé ìwé wọn. Àwọn kéékèèké ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni Mùyídéènì wà, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó wà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdíje àwọn ilé ìwé bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ òsì fún àwọn ọmọ ńlá bá bàbá rẹ̀ kó lọ sí Kánò. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù gbígbá, Ògúndélé ọmọ Ìbòkun, wá bá mi nídìí àpò. Ó ní Mùyídéènì lòun fẹ́ fi dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ lẹ́nu tíṣà yìí. Ó ní ìràwọ̀ ni ọmọ náà. Ó ní ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í wo ọjọ́ orí, pé ẹni tó bá fi agbọ̀n bo fìtílà ń fi ara rẹ̀ sínú òkùnkùn ni. Mo bi í bóyá wọn ò ní í dá ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìràwọ̀.

Mo ní, "Tíṣà, mi ò bi yín ní ìràwọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo bi yín."

Ó wá ní òun ò mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tirẹ̀.

Bàbá wọn kọ̀ jálẹ̀. Ó ní egungun ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì gbó, pé ọmọ tó bá ń bá àgbà jìjàkadì, ilẹ̀ ni yóò máa bá lójoojúmọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ojú ara mi wò ó ná. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi àpò sílẹ̀ tí mo lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá wọn. Lọ́jọ́ kìíní, mo wò ó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń dúró dè wọ́n ni. Á gba bọ́ọ̀lù, á wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n ń bọ̀, á yán, á wá gbá a wọlé. Ọmọ tí kò bá rí ẹni tó ju òun lọ á ya ọ̀lẹ, mo sì rí i pé ó ti ń yà á. Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, tíṣà kó o sáàárín àwọn ọmọ ńlá. Orí rẹ̀ kò ju abíyá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti kúrò ni wọ́n ń ta nípàá, òun fúnra rẹ̀ ti gba abẹ́ apá wọn kọjá bí eku ṣe ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn. Kò yán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo délé, mo bi Àmúdà.

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó wá. Ó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sì fajú ro. Bàbá wọn gbọ́ ọ, ó ní kí ọmọ náà máa lọ.

Mo wá pe Mùyídéènì. Mo ní, "O máa bá àgbà gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ò sọ ọ́ di àgbà. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o pe ẹnì kankan níbẹ̀ lórúkọ lásán, o ò ní í débẹ̀ mọ́."

Ó ní òun gbọ́. Kò sì sí ọmọ tó ń gbọ́ràn tó o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìdó-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá. Mi ò sí níbẹ̀, Àmúdà ló ròyìn fún mi. Mùyídéènì gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ó rí Láńrewájú tó dá dúró, ó gbé bọ́ọ̀lù sí i, ó ní, "Ẹ gbà á!" Bí ó bá jẹ́ "Gbà á" ni, ẹnì kan ni ì bá lọ. "Ẹ gbà á" kò mọ ẹnì kan. Láńrewájú sáré, Béjidé náà sáré, wọ́n forí gbára, ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu Béjidé. Ọmọ Ìdó-Ọ̀ṣun kan gbé bọ́ọ̀lù láàárín wọn, ó sì lọ gbá a wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ Àmúdà tó gbá mẹ́ta wọlé, ìdíje wọn ì bá ti parí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá Òṣú gbá, Mùyídéènì fi "ẹ" sílẹ̀, ó mú orúkọ. "Bọ̀ọ̀dá Láńrewájú" ni. Kó tó pè é tán, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣáà borí, góòlù kan sí òdo, Àmúdà náà ló tún gbá a wọlé. Àwọn ọmọ ńlá wá sọ Mùyídéènì ní Àlùfáà. Bó bá ti dé pápá, wọ́n á ní, "Àlùfáà, ẹ bá wa ṣàdúà kí ẹ tó gba bọ́ọ̀lù." Béjidé ní kí wọ́n dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmúdà ní bí àbúrò òun ò bá lọ sí Iléṣà, níbi tí wọ́n ti máa gbá àṣekágbá, òun náà ò lọ.

Mo bi tíṣà pé kí ló ń ṣe ọmọ mi. Ó ní àìsí ìgbọ́ra-ẹni-yé ni, pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù dà bí ara kan tó ní ẹ̀yà púpọ̀. Mo padà sídìí àpò mi. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà.

Bí mo ṣe bá wọn lọ sí Iléṣà nìyẹn, nínú lọ́rì tó ń lọ kó kòkó. Mo ti pinnu pé bí mo bá rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, mo máa mú un kúrò lórí pápá fúnra mi, ó parí.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ Iléṣà tóbi. Wọ́n ní ọmọ kékeré kan tiwọn náà, ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ariwo rẹ̀ ló sì gba pápá kan. Ó ń pe àwọn ọmọ tó ga tó ìyá rẹ̀ lórúkọ gbangba. A máa ń fi àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Òṣogbo pé wọn ò ní "ẹ" lẹ́nu, pé "ìwọ" ni wọ́n ń bá bàbá tó bí wọn sọ. Mo yínmú. Obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí mi. Ó ní Cecilia ni orúkọ òun, pé ọkọ òun ń ṣe oko obì lẹ́yìn Iléṣà, pé òun lòun bí ọmọ tó ń pariwo yẹn.

Mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ò ní ẹ̀gbọ́n ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló ń pè yẹn. Tìrẹ ńkọ́? Kíkí ló ń kí wọn ni, àbí bọ́ọ̀lù ló ń gbá?"

Mi ò tíì dá a lóhùn tí Mùyídéènì fi gba bọ́ọ̀lù. Ó gé ẹnì kan, ó gé ẹnì kejì. Àmúdà dá dúró níwájú gólì, kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí i, kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Mo rí ẹnu Mùyídéènì tó là. Mo rí i tó ń kó "Bọ̀ọ̀dá" jọ. Kó tó dé orí "Àmúdà", ọmọ Iléṣà kan ti yọ bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n gbá a wọlé. Òdo sí ẹyọ kan.

Kò sí ẹ̀rù kankan lójú ọmọ mi. Èmi ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n fọn fèrè ìsinmi. Tíṣà kó wọn jọ, ó ń sọ fún wọn nípa kìnnìún. Mo ya àárín wọn wọlé.

Mo ní, "Mùyí, ta ni mo ní o ò gbọdọ̀ pè lórúkọ?"

"Gbogbo wọn, Màámi."

"Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Títí wọ́n á fi fọn fèrè ìparí, kò sí bọ̀ọ̀dá lórí pápá yìí. Láńrewájú ni Láńrewájú. Béjidé ni Béjidé."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Àmúdà ńkọ́?"

"Àmúdà."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Láńrewájú ní Àlùfáà á wá máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Àmúdà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí.

"Màámi, èmi náà?"

Mo ní, "Ìwọ gan-an. Ìwọ lo máa ń wà níwájú gólì."

Ó nu erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ kúrò. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Pè mí nígbà náà. Pè mí kó ta sí mi létí."

Wọ́n padà sórí pápá. Nígbà àkọ́kọ́ tó pè é, kò dé etí ẹnikẹ́ni. Nígbà kejì, ẹni tó wà lójú títì gbọ́ ọ. "Àmúdà!" Àmúdà yí padà, bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò dúró rò ó, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé. Ẹyọ kan sí ẹyọ kan.

Látìgbà yẹn, mi ò mọ ọmọ mi mọ́. Ó ń pe Láńrewájú, ó ń pe Béjidé, ó ń pè wọ́n bí akọ̀wé kóòtù. Àwọn tó ń bú u ní Àlùfáà ń sáré síbi tó bá ní kí wọ́n sáré sí. Ọmọ Iléṣà kan ta á nípàá, ó ṣubú, ó dìde kí rẹfirí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò wọ orí pápá. Mo di ìkángun ìró mi mú, mo dúró.

Ó ku díẹ̀ kí ó parí nígbà tó tún gba bọ́ọ̀lù lápá òsì. Àmúdà wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ti múra sílẹ̀. Mùyídéènì gbé orí sókè, ó pariwo, "Àmúdà!" Gbogbo àwọn ọmọ Iléṣà yí sí Àmúdà, ẹni tó ń ṣọ́ gólì wọn pàápàá gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Àmúdà náà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń retí. Bọ́ọ̀lù kò wá. Mùyídéènì fúnra rẹ̀ ló gbá a, ó gba ìhà kejì wọlé láìsí ẹni tó bá a jà. Méjì sí ẹyọ kan. Fèrè ìparí dún.

Cecilia gbá mi lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí ṣubú. Ó ní, "Ọmọ tìrẹ ti kí wọn tán nìyẹn," ó sì fi obì mẹ́rin sí mi lọ́wọ́, kò gba ohunkóhun.

Gbogbo ọ̀nà títí dé Òṣogbo ni wọ́n fi ń fi ohùn tín-ín-rín ké "Àmúdà!" nínú lọ́rì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ń sunkún, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ, ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nígbà tá a dé, ìròyìn ti ṣáájú wa. Àwọn ènìyàn jáde láti ibùdó rélùwéè títí dé ilé wa. Bàbá wọn, tó ní egungun kò tíì gbó, gbé Mùyídéènì sórí kẹ̀kẹ́, ó gbé ife lé e lọ́wọ́, ó gbé e yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn obìnrin tí kò kí mi rí ń kí mi. Ìyá Àmúdà ni mò ń jẹ́ láti ọdún mẹ́tàlá. Ìyá Mùyí ni wọ́n ń pè mí ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo sì ń dá wọn lóhùn. Inú mi dùn. Mi ò ní í purọ́ pé kò dùn.

Kí a tó sùn, Mùyídéènì ti padà sí "Bọ̀ọ̀dá Àmúdà". Mo gbọ́ ọ, mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Kò tán. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ọdún méje inú agbo ilé fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n fi ohùn Mùyídéènì ké "Àmúdà!" wọ́n sá lọ. Mo na méjì nínú wọn. Ìyẹn ò dá a dúró. Ní ilé ìwé, wọ́n á pè é, á yí padà, wọ́n á ní kò sí bọ́ọ̀lù ńbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹnì kan bá pè é lórí pápá, á kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń dúró wò kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Ìdíje méjì péré ló tún gbá. Ó wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé títún kẹ̀kẹ́ ṣe lòun fẹ́ kọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mùyídéènì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe fún òun.

Ọdún mẹ́jọ rèé. Mùyídéènì ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, wọ́n ń san owó ọkọ̀ fún un, wọ́n ń fún un ní bàtà. Àmúdà wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé bá yí dé iwájú ibẹ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, á gbé e lọ fún wọn. Ọmọ yẹn tó gbá mẹ́ta wọlé ní Ìdó-Ọ̀ṣun, kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́.